Ìwádìí Tí Mo Fẹsẹ̀ Rìn Ṣe láti Barking dé Eastbury

Kò sí ẹni tó lè fi ògiri tàn mí jẹ. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní ìlú London yìí. Kí n tó dé ibí, mo ti mọlé ní Ìjẹ̀bú, mo mọ ní Èkó. Tí mo bá kàn wo ògiri kan báyìí, màá sọ fún ẹ bóyá ẹni tó to bíríkì rẹ̀ mọ iṣẹ́, tàbí ńṣe ló ń kánjú àtilọ sílé. Àwọn ilé gíga tuntun tí wọ́n kọ́ sí Barking Riverside, ọwọ́ mi wà nínú mẹ́ta níbẹ̀. Tí mo bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kọjá níwájú wọn, mo máa ń nawọ́ sí wọn fún ẹni tó bá jókòó tì mí, yálà ó béèrè tàbí kò béèrè. Ìwé ni mi ò kà púpọ̀. Pírámárì fáìfù ni mo ti dúró, mi ò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó kàwé kà á tán ló ń pè mí pé kí n wá bá wọn wo ilé wọn.

Èèyàn ló ṣòroó wò. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi kì í fi tètè gba èèyàn gbọ́.

Ní ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn ìsìn, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ àkọ́bí, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, wá bá èmi àti ìyá rẹ̀ nílé wa ní Marks Gate. Ó jẹun tán, ó fi ọwọ́ nu tábìlì bó tilẹ̀ jẹ́ pé tábìlì ò dọ̀tí, mo sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Ó ní òun ti rí ẹni tí òun máa fẹ́. Ó ní ọmọ Yorùbá ni, wọ́n bí i sí Peckham níbí, àwọn òbí rẹ̀ ti kó wá sí Eastbury láti ọdún bíi mẹ́wàá.

Mo ní, "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ṣiṣẹ́ ní báǹkì tẹ́lẹ̀, Dádì. Ó fi í sílẹ̀. Ní báyìí, ó máa ń mú àwọn èèyàn rìn."

"Ó máa ń mú wọn rìn lọ síbo?"

"Sí àwọn ibi àtijọ́. Ó máa ń sọ ìtàn àwọn tí wọ́n dìde sí ọba láyé ọjọ́un. Àwọn èèyàn máa ń sanwó láti wá gbọ́."

"Òun fúnra rẹ̀ ló fi báǹkì sílẹ̀, nítorí kó lè máa sọ̀rọ̀ àwọn ọlọ̀tẹ̀?"

"Ó nífẹ̀ẹ́ sí i ni, Dádì."

Mo wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo abọ́. Mo ní kí ọmọ fi fọ́tò rẹ̀ hàn mí, ó fi hàn mí nínú fóònù. Ọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó wọ awò ojú, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní ẹ̀bùn. Ẹ̀rín yẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo sọ fún un pé mo ti gbọ́, màá fún un lésì. Ìdáhùn mi ló ń dúró dè, torí ó mọ̀ pé tí mo bá kọ̀, ìyá rẹ̀ ò ní gbé ẹsẹ̀ síbi ìgbéyàwó náà, òun náà ò sì ní lè gbé ara rẹ̀ fọ́kọ bí ẹni tí ò lẹ́bí.

Nílé, kí a tó fọmọ fọ́kọ, a máa ń wádìí. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá. Nígbà tí èmi fẹ́ fẹ́ ìyàwó tèmi, àbúrò bàbá rẹ̀ wá síbi tí mo ti ń mọlé, ó gba iṣẹ́ lébírà lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ó sì fi ọjọ́ méjì gbáko ru kọnkéré fún mi láìjẹ́ kí n mọ ẹni tó jẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo máa ń bú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi. Ó padà lọ sọ pé mi ò búni, pé mo kàn máa ń pariwo ni. Bí mo ṣe rí ìyàwó nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní London, ta ni wàá bi léèrè? Ẹni tó ń gbé tì ẹ́ ò mọ orúkọ rẹ. Obìnrin kan wà nínú ìjọ Aládùúrà tí a ń lọ, ẹni jẹ́jẹ́, ó fi ọmọ rẹ̀ fún ọkùnrin kan tó mọ Bíbélì ju wòlíì lọ. Wọ́n ti gé kéèkì tán, oṣù mẹ́ta ti kọjá, kó tó hàn pé ọkùnrin náà ní ìyàwó àti ọmọ méjì ní Manchester. Láti ìgbà náà, mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan níwà pẹ̀lẹ́. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Mo pinnu pé màá bá àwọn tí ọkùnrin náà ń mú rìn lọ. Mo ní kí ìyàwó mi bá mi gba tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù rẹ̀, kó sì fi orúkọ mìíràn sí i.

Ó ní, "Mi ò ní parọ́ sínú ìwé. Tí ẹ bá fẹ́ parọ́, ẹ fi ẹnu yín pa á."

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Mi ò wo ohun tó kọ. Lẹ́tà inú fóònù kéré, mi ò sì fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni rí mi níbi tí mo ti ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Àṣìṣe mi nìyẹn, mo sì ti gbà á.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo wọ bàtà iṣẹ́ mi àti jákẹ́ẹ̀tì tó ti ṣá, mo dé fìlà onírun, mo bọ́ sínú bọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá rí mi, ẹ ò ní sọ pé ọkùnrin yìí ní ọmọ tó tó fọ́kọ. Níwájú stéṣọ̀n Barking, a tó méjìlá tó dúró yí ọkùnrin náà ká. Òun nìyẹn lóòótọ́, pẹ̀lú awò ojú, pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. Ó ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi bírò sàmì sí i. Ó pe ti ìyá òyìnbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn. Ó pe ti ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Nígbà tó kàn mí, ó wo ìwé. Ó wò mí. Ó tún wo ìwé. Kò pe orúkọ kankan. Ó kàn sàmì síbẹ̀, ó tẹ orí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń rò láti stéṣọ̀n dé ibi àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ pé ó mọ̀ mí, ìwádìí mi ti bàjẹ́ kí n tó gbé ẹsẹ̀ kan. Tí kò bá sì mọ̀ mí, a jẹ́ pé ilé tó ti wá ni wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í pe àgbàlagbà lórúkọ. Nǹkan méjì yìí jọra lójú, kò sì sí bí mo ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó kọ́kọ́ mú wa lọ síbi tí ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn wà láyé àtijọ́, níbi tó jẹ́ pé ìpìlẹ̀ òkúta nìkan ló kù nínú koríko. Ó gun ibi tó ga díẹ̀, ó sọ fún wa bí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Essex ṣe kọ owó orí, tí wọ́n mú àdá àti ọ̀pá, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ bá ọba ní London. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, mi ò ní parọ́. Àwọn tó dúró pẹ̀lú mi ti gbàgbé òtútù. Èmi ò gbàgbé. Mo ń wò ó pé ẹni tó ń yin ọlọ̀tẹ̀ báyìí, ṣé á gbọ́ràn sí àna rẹ̀ lẹ́nu?

Mo nawọ́. Mo fi gẹ̀ẹ́sì mi bi í pé, "Kí ló gbẹ̀yìn àwọn àgbẹ̀ yẹn?"

Ó ní, "Ọba ṣèlérí fún wọn sà, ó sì yẹ àdéhùn. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn."

"Ìwọ náà lè ṣe é?"

"Ṣe kí ni, sà?"

"Kí o dìde sí ẹni tó jù ẹ́ lọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ronú, ó ní, "Ó dá lórí ohun tó bá ní kí n ṣe." Mo gbé ìdáhùn yẹn yẹ̀ wò síwá sẹ́yìn. Ọlọ́gbọ́n lè sọ ọ́. Alárékérekè náà lè sọ ọ́.

Ìyá òyìnbó tó ń fi ọ̀pá rìn yẹn sún mọ́ mi. Ó ní, "Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́?"

Mo ní, "Bíríkìlà ni mí. Èyí tó dáa jù ní agbègbè yìí."

Ó ní, "Ìyẹn tún le ju ọlọ́pàá lọ. Bíríkìlà tó ṣe ògiri mi kò tíì padà wá láti ọdún tó kọjá."

Mo ní kó fún mi ní àdírẹ́sì rẹ̀. Mo ní ògiri tí èmi bá mọ, ọmọ ọmọ rẹ̀ á bá a lórí ìdúró. Ó rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì sì jọ ń rìn lọ.

Láti ibẹ̀ dé Eastbury jìnnà díẹ̀, ojú títì ńlá la gbà. Ọmọkùnrin náà fà sẹ́yìn wá sọ́dọ̀ mi, ó sì bọ́ sí apá ibi tí mọ́tò ń gbà, kí n lè wà nínú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ rọra rìn, òun náà rọra rìn. Ó yọ omi inú ike láti inú báàgì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Mo ní, òun ló dé yìí, eré ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ bó ṣe fún mi tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òmíràn fún ìyá òyìnbó yẹn, ìyẹn tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ méjì ní ìtumọ̀ nílé wa. Mi ò mọ ohun tí mo lè pe ìyẹn.

Ohun tó wá jẹ́ kó dá mi lójú nìyí. Ẹ mú Yorùbá méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n pàdé ní London, kó tó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀kan á ti bi èkejì pé, "Ara ibo ni yín sà? Ṣọ́ọ̀ṣì wo lẹ̀ ń lọ?" Ọmọ yìí bá mi rìn fún ogún ìṣẹ́jú. Ó bá mi sọ̀rọ̀ òjò, ó bá mi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Kò bi mí pé ara ibo ni mí. Ẹni tí kò bá bi ọ́, ó ti mọ̀ nìyẹn.

Ara mi gbóná. Mo ní báyìí, gbogbo ohun tó ti ṣe láàárọ̀ yìí kò níye lórí mọ́, torí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, ó lè jẹ́ áńgẹ́lì fún wákàtí mẹ́ta. Mo ní láti ronú kan ohun tí kò ní lè fi ìwà pẹ̀lẹ́ bọ́ nínú rẹ̀. Mo sì ronú kàn án. Tó bá di ká wá ọgbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀.

Ilé Eastbury yẹn, bíríkì pupa ni láti ìsàlẹ̀ dókè, pẹ̀lú ihò èéfín gíga-gíga àti ilé ìṣọ́ tí àtẹ̀gùn wà nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ní wọ́n ń sọ ọ́ ládùúgbò pé ibẹ̀ ni àwọn kan ti jókòó gbìmọ̀ pé àwọn máa fi ẹ̀tù ìbọn fọ́ ọba àti gbogbo aṣòfin rẹ̀ sókè.

Ìyá òyìnbó yẹn ní, "Ṣé òótọ́ ni?"

Ó ní, "Kò sí ìwé tó fi hàn. Mo máa ń sọ ọ́ torí ó dùn, ṣùgbọ́n mi ò lè búra sí i."

Ìyẹn náà, mo fura sí i. Ṣé kì í ṣe òótọ́ kékeré ló fi ń ra ojúure mi?

Ó mú wa wọ inú ọgbà, ó dúró ti ògiri tó yí i ká, ó ní ògiri yìí ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn ọ̀tẹ̀ yẹn. Mo ti mọ̀ láti òkèèrè pé òótọ́ ló sọ. Ẹnikẹ́ni tó ti mú okùn ìwọ̀n dání rí á mọ̀. Ṣùgbọ́n mo jáde síwájú, mo gbé àyà mi, mo ní, "Irọ́ ni. Iṣẹ́ mi nìyí láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ògiri yìí, ayé wa yìí ni wọ́n mọ ọ́."

Pańpẹ́ mi rèé: tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, torí kó lè fẹ́ ọmọ mi, òpùrọ́ ni, ó sì lè purọ́ fún ọmọ mi lọ́la. Tó bá sì ní èmi ni mo parọ́, lójú gbogbo èèyàn, mo máa sọ fún ìyá ọmọ pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Kò sí ọ̀nà kẹta.

Ó ní, "Ẹ má bínú sà, ohun tí mo kà yàtọ̀ sí ohun tí ẹ sọ, mi ò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìwé ni èmi kà, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kan ògiri náà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún wa. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá sọ fún àwọn tó bá tún wá ní Sátidé tó ń bọ̀."

Mo fọwọ́ kàn án. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Bíríkì náà kò dọ́gba, torí ọwọ́ ni wọ́n fi gé e, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìlà kan wà tí wọ́n to gígùn rẹ̀ síta, ìlà kejì orí rẹ̀ ló wà níta, bẹ́ẹ̀ ló rí dé òkè. Ohun tó lẹ̀ wọ́n pọ̀ kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Láìmù ni, ẹfun tí wọ́n fi iná sun kí wọ́n tó pò ó mọ́ iyanrìn, ó rọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Ẹni tó mọ ògiri yẹn ti kú kí bàbá bàbá bàbá mi tó dáyé, iṣẹ́ rẹ̀ sì dúró síbẹ̀, ó tọ́ gbọọrọ. Mo ronú pé Sátidé dé Sátidé, ọmọ yìí á máa dúró níbí, á máa sọ pé bíríkìlà kan tó mọṣẹ́ ló ní ayé wa yìí ni wọ́n mọ ọ́. Gbogbo bíríkìlà tó bá gbọ́ á máa fi mí ṣẹ̀sín. Mi ò lè ṣe é. Mo lè parọ́ nípa ara mi, mi ò lè parọ́ mọ́ ògiri.

Mo ní, "Ó ti pẹ́. Òótọ́ ni ọmọ yìí sọ."

Ni mo bá ṣàlàyé láìmù fún wọn, mo ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń to bíríkì bẹ́ẹ̀, mo fi ibi tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì tún un ṣe lẹ́yìn náà hàn wọ́n, pé ẹni tó ṣe ìyẹn kò mọṣẹ́. Ọmọkùnrin náà ṣí fáìlì rẹ̀, ó ń kọ ohun tí mo ń sọ sílẹ̀. Ọlọ́kámẹ́rà ya ọwọ́ mi.

Ìyá òyìnbó yẹn ní, "A jẹ́ pé o parọ́ fún wa níbẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Mò ń dán an wò ni."

"Lórí kí ni?"

Ọmọkùnrin náà ń wo bàtà rẹ̀.

Nígbà tí àwọn tó kù ti lọ, ó dúró tì mí lẹ́nu géètì. Mo ní kò sí ìdí fún ìbòjú mọ́. Mo ní, "O mọ̀ mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Mo rí orúkọ ìdílé yín lórí ìwé."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀yin náà ò sọ sà."

"Torí èmi lo ṣe ń fọwọ́ méjèèjì gbé omi?"

"Bí mo ṣe máa ń gbé e nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo gbìyànjú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ sà, mi ò ní parọ́. Àyà mi já débi pé mo gbàgbé ìdajì ohun tó yẹ kí n sọ níbi àkọ́kọ́."

Mo ní, "Kí ló mú ọ fi báǹkì sílẹ̀?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Èmi kọ́ ni mo fi í sílẹ̀ sà. Wọ́n dá wa dúró, àwa púpọ̀. Mo wá iṣẹ́ mìíràn fún oṣù mẹ́jọ. Ìgbà tí mi ò rí, ni mo bẹ̀rẹ̀ èyí."

"Ọmọ mi ní ìwọ lo fi í sílẹ̀."

Mo dúró dè é kó sọ pé ọmọ mi ló parọ́, tàbí kó dá a láre. Kò ṣe ìkankan. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ bá yín sọ ọ́ sà."

Mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Marks Gate pẹ̀lú orí tó kún. Ẹni tí mo lọ wá irọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò fún mi ní irọ́. Irọ́ tó wà nílẹ̀, ọwọ́ ọmọ tí mo bí ló ti wá.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi wá jẹun. Mo ní kó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i bí ọkùnrin náà ṣe kúrò ní báǹkì. Ó bẹ̀rẹ̀ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kú sí i lẹ́nu. Ó ní, "Wọ́n dá a dúró, Dádì."

"Ó ti sọ fún mi."

"Kí lẹ tún wá ń bi mí sí?"

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ."

Ó ní òun bẹ̀rù pé màá sọ pé aláìníṣẹ́ ni. Mo ní òótọ́ ni, màá sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí n fi ọmọ sílẹ̀ kó jẹun. Mo jẹ́ kó jẹ ẹ tán, mo wá ní kó sọ fún àwọn èèyàn ọkùnrin náà pé kí wọ́n máa bọ̀ wá tọrọ rẹ̀, kó jẹ́ Sátidé tí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì ná. Ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó di orúnkún mi mú.

Mo ní, "Dìde. Bàbá rẹ̀ ńkọ́, iṣẹ́ wo lòun ń ṣe?"

"Ó ń wa bọ́ọ̀sì, Dádì."

"Bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbo?"

Ìyàwó mi ti mọ ohun tó wà lọ́kàn mi, ó ń mi orí. Ọmọ náà sọ fún mi. Ní ọjọ́ Túsìdeè, mo wọ bàtà iṣẹ́ mi, mo lọ dúró níbi tí bọ́ọ̀sì náà ti ń kó èrò, mo jẹ́ kí mẹ́ta kọjá títí mo fi rí ọkùnrin kan lórí ìjókòó awakọ̀ tí imú rẹ̀ jọ ti ọmọ rẹ̀. Mo wọlé, mo jókòó sí ibi tí mo ti lè rí ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdarí ọkọ̀.